Fáìlì Tí Ẹ̀rọ Ní Kò Sí

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni òǹtẹ̀wé ní òun ń retí ìwé ìtàn ìgbésí ayé Bàbá, pé bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́. Ní agogo kan ọ̀sán, Akọ̀wé jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, Bàbá sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ olè.

Ọmọ àbúrò Bàbá ni Akọ̀wé. Odidi ọdún méjì ló ti ń gbé nínú yàrá yẹn, tó ń jẹ, tó ń mu, tí Ìyá sì ń kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n má pariwo, ìwé ló ń kọ. Bàbá, tó fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì, ti fara dà á títí ó fi sú u. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló wá sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bí ìwé ò bá jáde lónìí, kí Akọ̀wé di ẹrù rẹ̀, kó wábi gbà. Ibi tí yóò gbà gan-an ni kò sí. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè jẹun àárọ̀, òun tí kì í fi oúnjẹ ṣeré.

Ó fi máòsì tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì. Dípò ìwé, àpótí aláwọ̀ eérú kan ló yọjú láàárín ojú ẹ̀rọ: "A kò rí fáìlì yìí." Lábẹ́ rẹ̀ ni bọ́tìnì kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Ó dáa" sí.

"Kò dáa," Bàbá wí. "Fáìlì tí mo fojú ara mi rí, tí orúkọ mi wà lára ẹ̀ gàdàgbà, òun ni wọ́n ní kò sí?"

Akọ̀wé ní irọ́ ni ẹ̀rọ náà ń pa, pé bó ṣe ń ṣe láti àárọ̀ nìyẹn. Nígbà tí Bàbá na ọwọ́ sí máòsì kó lè tẹ bọ́tìnì yẹn fúnra rẹ̀, Akọ̀wé yára gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn án, ó lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bàbá fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n pe Ọ̀gá Ẹ̀rọ wá.

Ọ̀gá Ẹ̀rọ ni ọkọ àkọ́bí ọmọbìnrin Bàbá. Òun ló tún fáànù Ìyá ṣe lọ́jọ́ kan, fáànù náà ò sì fẹ́ atẹ́gùn mọ́ láti ìgbà náà. Kò sí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ tí kò mọ̀. Ó wọlé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lábẹ́ abíyá, ó ti máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àwọn tó mọṣẹ́ kì í lò ó, kíbọ́ọ̀dù nìkan làwọn fi ń ṣe gbogbo nǹkan.

Ó ṣí fáìlì náà. A kò rí fáìlì yìí. Ó fi kíbọ́ọ̀dù pa á dé, ó mí kanlẹ̀, ó ní òun ti mọ̀: orúkọ fáìlì ló gùn jù, ẹ̀rọ ò lè kà á tán. Ó gé e kù sí "Bàbá" péré. A kò rí fáìlì yìí. Ó ní a jẹ́ pé fódà tó wà nínú fódà ni wọ́n sin ín sí; ó gbé e jáde síta. A kò rí fáìlì yìí. Ó ní bóyá ọ̀nà àbùjá lásán ni, pé fáìlì gan-an ti kúrò níbi tó wà; ó yẹ̀ ẹ́ wò, fáìlì gidi ni. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Pàbó ló já sí.

Nígbà tó yá, ó kó o sórí fláàṣì, ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àpótí aláwọ̀ eérú yẹn yọjú níbẹ̀ náà, ní àárín gbùngbùn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ojú Ọ̀gá Ẹ̀rọ yí padà.

Bàbá bi wọ́n léèrè pé, "Ohun tí kò sí, báwo lẹ ṣe ń gbé e káàkiri?"

Ọ̀gá Ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ojú lásán mọ́. Kòkòrò ló jẹ fáìlì náà nínú, ó fi èèpo sílẹ̀, ó sì ti ràn mọ́ ẹ̀rọ tòun báyìí. Ó fi aṣọ ìnujú yọ fláàṣì náà, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i mọ́ láéláé.

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀," ó ní. "Ìwé yẹn ti lọ."

Akọ̀wé gbé orí lé tábìlì, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ikun ń dà. Ó ní òun ti já Bàbá kulẹ̀, pé òun ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún.

Bàbá wo aago, ó ku díẹ̀ kí ó lu mẹ́rin. Ó wo báàgì méjì tí Akọ̀wé ti dì sẹ́nu ọ̀nà. 

"Dìde, ọmọ mi. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ṣì wà láàyè, màá tún gbogbo ẹ̀ sọ fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó pe òǹtẹ̀wé fúnra rẹ̀, ó ní kó fún àwọn ní ọdún méjì sí i. Ó gbé báàgì méjèèjì padà sínú yàrá, ó ní kí Ìyá bu oúnjẹ fún ọmọ náà, kó má sì ṣahun ẹran sí i. Lẹ́yìn náà, òun àti Ọ̀gá Ẹ̀rọ jáde.

Nígbà tí ilẹ̀kùn padé tán, Akọ̀wé nu ojú, ó tún ṣí fáìlì náà, ó sì tẹjú mọ́ àwòrán àpótí aláwọ̀ eérú tó fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko yà kó lè jọ ti ẹ̀rọ gan-an, ojú ìwé kan ṣoṣo tó tíì ṣe láti ọdún méjì tó ti ń kọ ìwé Bàbá.