Ilé Ọmọ Mi ní Èdè Tọ́kì

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí Ìyá Roqeeb bá ti ta àpò àlùbọ́sà tó kẹ́yìn ní Mile 12, á pa aṣọ ọjà dà, á wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkòsì, níbi tí Godwin ti ń kọ́ èèyàn ní èdè Tọ́kì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mẹ́fà ni wọ́n ní kíláàsì. Ilé ìwé gíga ní Tọ́kì ni àwọn márùn-ún yòókù fẹ́ lọ. Kò sí èyí tó tíì pé ọgbọ̀n ọdún nínú wọn. Òun ti lé ní ọgọ́ta.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni nǹkan ló mu ún lómi jù.

Godwin ní, "Àwa á ní ‘ilé ọmọ mi’, ó parí. Ìrù ni wọ́n ń so mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ní tiwọn. Ọmọ tó nilé á ní ìrù, ilé náà á ní tiẹ̀. Oğlumun evi. Mummy, ẹ tún un sọ."

"Oğlumun evi."

"Yàrá ọmọ mi?"

"Oğlumun odası."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọdún kẹta rèé tí Roqeeb ti kúrò ní Ketu. Iṣẹ́ bíríkìlà ló bá lọ sí Istanbul. Muideen, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ló sọ fún ìyá lórí fóònù pé kó kọ́ èdè náà. Wọn kì í gbọ́ òyìnbó ní ọ́fíìsì tó máa lọ, òun Muideen ò sì lè bá a débẹ̀, torí òun ò ní ìwé ìgbélùú.

Nígbà tí wọ́n kọ́ orúkọ oúnjẹ, Ìyá Roqeeb ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tó kan apá òsì, apá ọ̀tún, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ojú ìwé méjì ló kọ kún.

Faridah tó máa ń jókòó tì í bi í pé, "Mummy, ṣé ẹ máa pẹ́ lọ́dọ̀ Bùrọ̀dá Roqeeb?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni físà tí wọ́n fún mi."

"Ẹ dẹ̀ wá ń da ara yín láàmú tó báyìí? Ṣé wọn ò ní bá yín gbẹnu sọ ni?"

"Èmi ni mo máa sọ̀rọ̀."

"Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ gbé gààrí dání fún wọn."

Ìyá Roqeeb ṣí ìwé ẹ̀ sí ojú ewé mìíràn.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìrìn àjò ẹ̀, Godwin ní kí kálukú sọ gbólóhùn tó máa kọ́kọ́ nílò tó bá ti débẹ̀. Faridah béèrè ibi tí họ́sítẹ́ẹ̀lì òun wà. Ó kan Ìyá Roqeeb. Ó dìde, ó di etí tábìlì mú. Ìrù méjèèjì pé, kò ṣi ọ̀kankan.

"Oğlumun mezarı nerede?"

Faridah yíjú sí Godwin. "Tíṣà, kí ni mezar? Ẹ ò tíì kọ́ wa ní ìyẹn."

Godwin túmọ̀ ẹ̀ fún wọn: "Sàréè ọmọ mi, níbo ló wà?"