Ìgò Rọ́bà tí Rogatien Gbé Bọ̀ láti Faransé

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ kà á dópin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ní tèmi o, n kò mọ nǹkan kan. N kò kàwé dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa gáàsì. Ìmọ̀ mi kò ju kí n dá ẹni tó ń gbéra ga mọ̀ bí mo bá rí i.

1.

Tatonnonkon, ìletò kan nítòsí Adja-Ouèrè, ni wọ́n bí Rogatien sí. Àdùnní ìyá rẹ̀ ń ṣe epo pupa tà. Ọwọ́ ọ̀tún tí obìnrin yìí fi ń po ẹyìn nínú ẹkù ló fi rán ọmọ lọ sílé ìwé àwọn fadá. Lọ́dún òmìnira, ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Faransé.

Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún méjì níbẹ̀ nígbà tí ìròyìn kan gba ilé ẹ̀kọ́ wọn. Gáàsì kan wà tó ń jẹ́ sénọ̀n. Ọ̀lẹ ni, kì í bá nǹkan kan dà pọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbà pé àpọ́n ni yóò kú. Àfi bí wọ́n ṣe mú gáàsì mìíràn, fílúọ̀, wá bá a, fílúọ̀ tó ń jẹ irin, tó ń jẹ dígí, tó ń jẹ ẹran ara. Ni àpọ́n bá gbéyàwó. Ọdún mẹ́sàn-án ni Rogatien fi jókòó ti tọkọtìyàwó yìí. Ó kọ ìwé lórí wọn, ó di dókítà tí kì í gún ènìyàn lábẹ́rẹ́.

Òfin kan wà ní làbó, yàrá ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́: ẹni tó bá máa mú ohun tó ní fílúọ̀, ìpara kan báyìí gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ẹfun bíi ti eegun pò, tí yóò yára fi pa ara bí ó bá ta sí i, kí fílúọ̀ tó wọ eegun.

2.

Ní 1971, ọdún kan kí àwọn sójà tó gbàjọba, ilé ẹ̀kọ́ gíga tuntun ní Kútọnu ránṣẹ́ pè é. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ yà kí àwọn ará ilé. Ó di omi fílúọ̀ díẹ̀, èyí tí yóò fi yangàn lójú wọn, sínú ìgò rọ́bà funfun, nítorí pé yóò jẹ ìgò dígí. Bàtà rẹ̀ tuntun kò wọ àpótí. Ó yọ ìpara sílẹ̀, ó fi bàtà sí i. Ẹ ò rí nǹkan?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Máàsì, ó pe àwọn àgbà jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ìda àbẹ́là bo ife dígí, ó fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ baálẹ̀ sínú ìda náà, ó kán omi rẹ̀ sí i. Nígbà tó fọ ìda kúrò, orúkọ ti wọnú dígí. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, àfi Ràímì aránṣọ.

“Dókítà, ṣé ọdún mẹ́sàn-án lo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ sára ife? Àwa ń fi ìṣó kọ tiwa sára abọ́.”

Ẹ̀rín gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú Rogatien pọ́n. Ibi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀ ni Àdùnní, tó ti ń dáná lẹ́yìnkùlé látàárọ̀, ti wọlé bá a.

“Rogatien, kí ló wà nínú ìgò yìí?”

“Omi ni, Ìyá.”

“Omi kí ni?”

“Omi ṣáà ni. Bí mo bá ṣàlàyé títí di ọ̀la, kò lè yé yín.”

Pélagie, àbúrò rẹ̀ obìnrin, wò ó lójú. Ìyá ní, “Ó dáa, ọmọ mi.”

3.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà díẹ̀, ẹ rántí bí ìgò rọ́bà ṣe níyì tó nígbà náà. Kì í fọ́, kì í jò. Obìnrin elépo tó bá ní ẹyọ kan, ìyálọ́jà ni.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Rogatien wọ bàtà rẹ̀ lọ kí àwọn ọlọ́lá ní Adja-Ouèrè. Àdùnní gbé ìgò, ó da “omi” inú rẹ̀ nù sẹ́yìnkùlé, ó ti ìka bọ ẹnu ìgò, ó fọ̀ ọ́ mọ́. Omi yẹn ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò dùn ún. Ó kàn fi epo ra ọwọ́, bí a ti ń fi epo ra ohun gbogbo, ó sì rọ epo tó dára jù lọ kún ìgò náà.

Lọ́sàn-án, Rogatien bá ìgò lórí tábìlì.

“Ìyá, omi inú rẹ̀ dà?”

“Mo ti dà á nù. Epo tí wàá gbé lọ sí Kútọnu ni mo rọ sí i.”

“Ṣé ó kàn yín lọ́wọ́?”

“Ó kàn mí. Láti ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ni eegun ọwọ́ mi ti ń ta mí bí iná. Ṣebí omi ni?”

Rogatien wo ìka mẹ́rin tó ti funfun bí ẹ̀kọ tútù. Ó ké sí Pélagie pé kó wá ìkarahun ìgbín, èèpo ẹyin, ohunkóhun tó bá ti le bẹ́ẹ̀, kí òun fi dípò ìpara. Ọ̀mọ̀wé Faransé kúnlẹ̀ ti odó, pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó ń gún ìkarahun, ó ń pò ó, ó ń fi lẹ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Ràímì, tó gbọ́ igbe, sáré wá bá a di odó mú.

4.

Ní ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti gé e, ọwọ́ ọ̀tún, láti ọrùn ọwọ́, kí ẹ̀mí lè kù. Nígbà tí Àdùnní jí, kò sunkún. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Rogatien, o ní omi ni.”

Rogatien kò dé Kútọnu mọ́, kò wọ làbó kankan mọ́. Nígbà tí àwọn sójà dé tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn padà sóko, ó ti wà nínú ẹkù ìyá rẹ̀, ó ń po ẹyìn, Àdùnní sì jókòó lórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ òsì júwe fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ ṣọ́ra o. Ohun tó léwu tẹ́ ẹ bá gbé wọlé, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ilé náà, kó tó di pé ó fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi ìbéèrè àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìyá tiyín ńkọ́, kí ló bi yín kẹ́yìn, kí lẹ sì fi dá a lóhùn?