Bisikíìtì Ẹlẹ́pà Màmá

Tíṣà kan ṣí ìkòkò oníyanrìn tó fi ń yan bisikíìtì, ó yọ páànù jáde, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀ tó jó. Ẹ̀pà lílọ̀ àti ìyẹ̀fun páńkéèkì inú páálí ló pò pọ̀. Kò fi ṣúgà kankan kún un, nítorí ìtọ̀ ṣúgà ló gbé ìyá rẹ̀ dé ọsibítù ní Ẹ̀gbẹ̀.

Ọ̀kadà já Gbádéyan àbúrò rẹ̀, tó ti ń ṣọ́ Màmá níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Kàbà.

"Okun o, Àǹtí mi."

"Okun. O mà tètè dé! Jẹ́ kí n di èyí sí ọ̀rá, ká jọ padà lọ. Ara Màmá ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Níbo ni mo ti ráyè?"

"Ẹ jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀."

"Ti Màmá ni."

"Ẹ ṣáà jẹ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ ẹ́. Gbádéyan bu omi fún un, ó tún fi òmíràn lé e lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ èyí náà."

Ẹ̀rín kú mọ́ tíṣà lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí bàbá wọn kú, òun fúnra rẹ̀ ló rọ Màmá títí ó fi mu ẹ̀kọ tán nínú abọ́, kó tó sọ ọ́ fún un. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ kò ní gba ọ̀fun Màmá kọjá mọ́.

Ó jẹ bisikíìtì kejì tán. Ó mu omi lé e. Ó jókòó sórí àpótí.

"Mo ti jẹun, Gbádéyan. Sọ ọ́."