Ṣáwà Ilé Bu Wartini

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín fídíò pé ìkuukùu ṣáwà ń kó kòkòrò wọ ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn, ẹ rọra, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ọjọ́ kẹwàá rèé tí ẹ̀rọ mi ti ń fa afẹ́fẹ́ nínú balùwẹ̀ Bu Wartini, ní ìlú Solo níbí, ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà.

Etí àmù onísìmẹ́ńtì tí omi kún dẹ́mú ni mo gbé e lé.

Mo fẹ́ mọ iye kòkòrò àìfojúrí tí ìdílé kan ń fà símú nídìí ṣáwà. Bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, oyè yunifásítì mi wọgbó nìyẹn.

Èsì dé. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí kòkòrò kankan!

Mo fò sókè. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: "Ṣáwà Solo ò lè pa eṣinṣin."

Bu Wartini gbé tíì àti tẹ́ńpẹ́ díndín, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sọ di pẹlẹbẹ, wá.

"Ọmọ mi, ṣé o ti parí? Ká lè dá táwẹ̀lì wa padà sórí ṣáwà."

"Táwẹ̀lì kẹ̀, Màmá?"

"Ibẹ̀ la máa ń sá a sí. Ṣáwà àlejò ni, a ò ṣí i rí."

"Kí lẹ wá fi ń wẹ̀?"

"Ike la fi ń bu omi nínú àmù. Ọ̀mọ̀wé bíi tìrẹ, ta ni kó já ọ nírọ́?"

Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán o. Solo ni wọ́n bí mi sí.

Láàárọ̀ yìí, ike ni mo fi bu omi wẹ̀.

Ṣòkòtò tútù ló wà lórí ṣáwà tèmi.