Ìyàwó Láti Gíríìsì

Ìyá Tájù ń ṣa obì níwájú ilé wọn ní Ṣàgámù, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà ní Gíríìsì.

Abúlé kékeré kan níbẹ̀ ni Tájù ọmọ rẹ̀ ti ń ká èso ólífì. Àwọn arúgbó nìkan ló kù lábúlé náà.

Wátsáàpù sì ti sọ fún un pé àwọn ìyá arúgbó òyìnbó ń fi páálí ìgbélùú fa ojú ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra.

Ló bá ní kí Alhájì ọkọ rẹ̀ lọ ṣọ́ ọmọ náà ní Gíríìsì. Alhájì sì lọ.

Lónìí, Tájù pe ìyá rẹ̀ lórí fídíò. Ìyá òyìnbó kan ń da òróró sórí búrẹ́dì lẹ́yìn Tájù.

"Tájù! Ta nìyẹn?"

Tájù wolẹ̀. "Ìyàwó yín ni, Màmá."

"Aúsùbílàhi! Eyín mélòó ló kù lẹ́nu ẹ̀? Gbé fóònù fún bàbá ẹ!"

"Wọ́n ní àwọn ò gbà á. Ojú ń tì wọ́n."

"Kí ló kan ojú tiwọn níbẹ̀?"

Ìyá òyìnbó gba fóònù. Ó rọra kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ ọ:

"Ẹ kú ilé o, ìyáálé mi."