Ẹjọ́ Tó Fi Ọjọ́ Kan Pẹ́

Ìbíwùmí kì í tètè dé ibi kankan. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Padova ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ Ìrètíolúwa lórúkọ, ọjọ́ kejì ló gbé kúlà ìrẹsì dé, ó bá ìyá ọmọ nídìí abọ́ fífọ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹjọ́ tó kan ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi ọjọ́ kan pẹ́, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó bèèrè nǹkan kan.

Ṣọ́ọ̀bù ìdirun ni, lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin: àga mẹ́ta, àti yàrá kékeré kan lẹ́yìn tó ti ń fọ irun. Àjà yàrá náà ni àwọn comune, ìyẹn ìjọba ìlú, wò tí wọ́n ní ó fi ìka mẹ́rin rẹlẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Láti oṣù kẹta ni wọ́n ti ń fà á. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé e lọ sọ́dọ̀ commissione, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó dé ọ̀hún.

Òní, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ni commissione yóò sọ bóyá àwọn lè gbójú fo ọjọ́ kan yẹn. Ibi tó bá já sí ló máa sọ bóyá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù á wà ní ṣíṣí.

Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, irun Damaris, oníbàárà rẹ̀, ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ò tíì lọ?"

"Ó ku ìlà mẹ́ta."

"Ẹ fi ìlà sílẹ̀! Ẹ lọ kúnlẹ̀ fún wọn. Àwọn òyìnbó yìí náà lójú àánú. Ẹ kàn da ẹkún díẹ̀ sí i."

"Ẹni tó máa kúnlẹ̀ á kúnlẹ̀," ni Ìbíwùmí wí. "Gbé orí sókè."

"Ẹ ti tú ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì."

"Kọfí ni."

"Ẹ ò tíì mu kọfí látàárọ̀."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tú u."

Adélaní já wọlé. Yunifásítì Padova ló ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì ń bá àwọn ará ilé kọ ìwé ìjọba. "Àǹtí Ìbíwùmí! Tram ń bọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, lónìí, ẹ má dán an wò!"

Wọ́n sáré. Damaris náà sáré tẹ̀lé wọn, apá kan orí rẹ̀ dì, apá kejì dúró ṣánṣán bí igbó. Ilẹ̀kùn tram fẹ́rẹ̀ẹ́ há Ìbíwùmí mọ́ báàgì rẹ̀.

"Ẹ gbọ́," ni Adélaní wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ má sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sunkún. Tí presidente, olórí wọn, bá wojú yín, ẹ wolẹ̀."

"Tí wọ́n bá bi mí ní nǹkan ńkọ́?"

"'Mi rimetto alla commissione.' Ìyẹn ni pé, 'Mo fi lé yín lọ́wọ́.' Tán."

Ìbíwùmí ń kà á lẹ́nu títí wọ́n fi bọ́ sílẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago mẹ́wàá lù nígbà tí wọ́n jókòó nínú yàrá commissione. Ó ya Adélaní lẹ́nu débi pé ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Avvocato Zanin, agbẹjọ́rò, ti wà lórí ìdúró níwájú. Ojú rẹ̀ pọ́n, oòrùn etí òkun kò tíì ṣí lára rẹ̀.

"Signora presidente, ọjọ́ kan ṣoṣo! Oṣù kẹjọ ni! Ta ló ń ka ọjọ́ nínú oṣù kẹjọ nílẹ̀ yìí? Ilé ẹjọ́ gan-an máa ń sùn!"

"Ilé ẹjọ́ ló ń sùn, avvocato. Ìgbìmọ̀ lásán làwa. Ọjọ́ tiwa kì í sùn."

"Ẹ lè dárí jì."

"Òfin wo ló ní ká máa dárí jì?"

"Kò sí èyí tó ní kẹ́ ẹ má dárí jì!"

"Kò sí èyí tó ní kí n má jó lórí tábìlì yìí náà. Síbẹ̀ mo jókòó."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìbíwùmí fún Adélaní lọ́wọ́ pọ̀ débi pé Adélaní fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Àánú ò nílò òfin, signora presidente."

"Tèmi ò nílò. Ti commissione nílò. Òfin ló dá wa sílẹ̀. Agbára tí kò bá fún wa, a ò ní in." Presidente yíjú sí Ìbíwùmí. "Signora, ṣé ẹ ní ọ̀rọ̀?"

"Ẹ kúnlẹ̀, Àǹtí!" ni Damaris sọ sí i létí. "Ẹ kúnlẹ̀ wàyí!"

Ìbíwùmí dìde, ó wolẹ̀. "Mi rimetto alla commissione." Ó jókòó bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn.

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ yàrá lọ. Wọn ò pẹ́ tí wọ́n fi jáde.

"Ìwé náà pẹ́," ni presidente kà. "A ò ní agbára láti gbójú fò ó. A ò ní gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yìí. Ó parí síbẹ̀."

"Yéè!" Damaris dì mọ́ Ìbíwùmí. Ìbíwùmí ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì. Adélaní gbójú sókè, ó ń jẹ ètè.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí mi," ni Damaris ń wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ má mikàn. Ọlọ́run á ṣí ilẹ̀kùn míì."

Avvocato Zanin kó fáìlì rẹ̀, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tẹ àwọn comune tó gbà á níṣẹ́ láago pé ìdájọ́ tí obìnrin onídìrí yẹn fi borí wọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ti di èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè yí padà mọ́.