Orúkọ Kan Péré Nínú Ilé

Orúkọ tí ẹbí sọ ọmọ mi lọ́jọ́ ìkómọ lè kún ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ẹ̀rọ ìjọba kọ̀ láti fún un níwèé ọmọ ìlú, ó ní èrò ọkọ̀ la kó pamọ́ sára ọmọ kan. A bẹ̀bẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ká fi ọdún kan pè é ní Morẹ́nikẹ́ nìkan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á lé e kúrò nílùú. Wọ́n wá kan ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ mọ́ ògiri pálọ̀.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ mi kúnlẹ̀ kí ìyá mi, tó máa ń ké "Àwẹ̀ró mi!" sí i títí òkú á fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn. Màmá wo ògiri.

"Morẹ́nikẹ́, o jí bí?" ló sọ, bí ẹni ń kí àlejò.

Ọmọ náà dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

"Dádì, ṣé Màmá Àgbà ò mọ̀ mí mọ́ ni?"